Kọfí Làìbéríà, kọfí Abẹ́òkúta: Ayé ti ń wá èso tí àwa fi sílẹ̀ sínú igbó

Ní ọdún 1809, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Southwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbin kóró èso ápù sínú ọgbà ilé wọn. Kóró náà hù, ó di igi, igi náà sì so. Nígbà tí ó di ọdún 1846, alápatà kan, Matthew Bramley, ra ilé náà pẹ̀lú ọgbà àti igi tí ó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ títa ọmọ igi, Henry Merryweather, wá bẹ alápatà yìí pé kí ó jẹ́ kí òun gé nínú ẹ̀ka igi náà lọ gbìn. Bramley gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ òun ni èso náà gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ìdí nìyí tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní ápù Bramley títí di òní olónìí.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ápù òyìnbó kàn wá. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ìtàn èso wọn bí ẹni mọ oríkì ìdílé. Wọ́n mọ ẹni tí ó gbìn ín, wọ́n mọ ilé tí ó ti hù, wọ́n sì mọ ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwa náà tí a wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní èso tí ó ní ìtàn, tí ó sì ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Orúkọ ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá wà lára orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúró ní Abẹ́òkúta lónìí, ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan tí yóò sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Èso náà ni kọfí. Kì í ṣe kọfí gbogbo bí ó ti wù kí ó rí, kọfí Làìbéríà ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Coffea liberica*. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ó ti gba orúkọ yẹn.

Caldwell, ní etí odò St. Paul

Bí ènìyàn bá dé Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, tí ó sì kọjú sí ọ̀nà odò St. Paul, yóò dé Caldwell. Lónìí, Caldwell ti di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó so mọ́ Monrovia. Ilé ti kún ibẹ̀, bí ilé ti ṣe kún Agége àti Ìkòròdú mọ́ Èkó lára. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, oko ni ibẹ̀.

Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1816, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ American Colonization Society, ni ó kó wọn wá. Ní ọdún 1822 ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn tẹ̀dó sí Cape Mesurado, níbi tí Monrovia wà báyìí. Ní ọdún 1825 ni díẹ̀ nínú wọn gòkè lọ sí etí odò St. Paul láti dáko. Ibùdó tuntun náà ni wọ́n sọ ní Caldwell, ní ìrántí Elias Caldwell tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ibùdó mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá odò náà: Millsburg, Virginia tí ó wà ní òdìkejì odò sí Caldwell, Clay-Ashland, Louisiana àti àwọn mìíràn.

Ìtàn wọn fi ara jọ ti àwọn Sàró wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọdún 1839. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀. Àwọn Sàró padà bá ẹbí, wọ́n bá èdè wọn nílé. Àwọn ará Caldwell bá àwọn onílẹ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè wọn, àwọn Dei, àwọn Vai, àwọn Gola àti àwọn Bassa. Ilẹ̀ náà ní olówó rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ìjà ilẹ̀ pọ̀ láàrín wọn, ibà sì pa púpọ̀ nínú àwọn àlejò náà.

Jehudi Ashmun, ẹni tí ó ṣe aṣojú ẹgbẹ́ náà ní Làìbéríà títí di ọdún 1828, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oko. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dé ló fẹ́ràn òwò ju oko lọ. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ohun ọ̀gbìn tí yóò sọ wọ́n di olówó kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Nínú igbó tí ó yí wọn ká ni wọ́n ti bá a. Igi kọfí ń hù fúnra rẹ̀ níbẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n wú u, wọ́n gbìn ín sí oko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín láti inú kóró. Ní ọdún 1847 ni Làìbéríà gba òmìnira, tí Joseph Jenkins Roberts sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1870, oko kọfí àti oko ìrèké ti tẹ́ lọ bẹẹrẹ ní etí odò St. Paul. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Ní ọdún 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀ ní Philadelphia, oníṣòwò ìlú náà kan, Edward S. Morris, pàtẹ kọfí Làìbéríà fún gbogbo ayé láti rí. Ní ọdún kan náà ni onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. P. Hiern, kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, tí orúkọ Làìbéríà fi lẹ̀ mọ́ ọn títí láé.

Bí èso náà ti rí

Oríṣi kọfí mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ ní àgbáyé. Àkọ́kọ́ ni Arabica, tí ó ṣẹ̀ láti orí òkè ilẹ̀ Ethiopia. Èkejì ni Robusta, tí ó ti àwọn igbó Áfíríkà wá. Ẹ̀kẹta ni Liberica yìí. Ẹni tí ó bá fi ojú kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ṣì wọ́n mú.

Igi Arabica kò ga púpọ̀, ènìyàn lè na ọwọ́ ká a. Ṣùgbọ́n Liberica jẹ́ igi gidi. Bí wọn kò bá gé e lórí, ó lè ga tó mítà 15, ó sì lè tó 20. Àkàsọ̀ ni àwọn tí ń ká a fi ń gùn ún. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó ń dán, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Òdòdó rẹ̀ funfun, òórùn rẹ̀ sì dùn. Òdòdó Arabica a máa ní ewé funfun márùn-ún, ṣùgbọ́n ti Liberica a máa jẹ́ mẹ́fà tàbí méje, nígbà mìíràn ó tún ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èso gan-an ni ó wá yàtọ̀ jù. Èso Robusta kéré, ṣùgbọ́n ti Liberica lè tó ìwọ̀n iyeyè tí kò tóbi púpọ̀. Ó ní ojú kan ní ìdí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdodo ọmọ tuntun. Bí ó bá pọ́n, a máa pupa, òmíràn a sì máa pọ́n ní àwọ̀ tí ó wà láàrín pupa àti ìyeyè. Èèpo rẹ̀ le, ẹran tí ó wà nínú rẹ̀ sì nípọn. Bí a bá bó ẹran náà, a ó kan omi kan tí ń yọ̀ bí ilá, lẹ́yìn náà a ó kan èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gan bíi bébà, kí a tó dé orí kóró méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Kóró rẹ̀ tóbi, orí kan rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, apá kan a sì máa fẹ̀ ju èkejì lọ.

Àǹfààní wà nínú ìṣẹ̀dá yìí, ìnira sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àǹfààní àkọ́kọ́ ni pé igi náà fẹ́ràn ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ooru ti mú. Arabica fẹ́ òtútù orí òkè, ṣùgbọ́n Liberica lè gbé ní etí òkun. Gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Èso rẹ̀ tí ó bá pọ́n kì í tètè já bọ́ sílẹ̀, ó lè dúró de olóko lórí igi. Ìnira rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kí ó tó pọ́n. Ó lè tó ọdún kan gbáko láti ìgbà tí òdòdó bá ti yọ. Nítorí pé ẹran rẹ̀ pọ̀ ju kóró lọ, ó lè gba nǹkan bí kílò mẹ́wàá èso tútù kí a tó rí kílò kan kọfí gbígbẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Arabica kò sì lè bó èèpo rẹ̀ dáadáa. Bí ẹran bá pẹ́ lára kóró, yóò kan, adùn rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Èyí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó fa orúkọ burúkú tí èso náà ní lọ́jà láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí ń rà á sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń bó o, tí wọ́n sì mọ bí a ti ń sá a, sọ pé òórùn rẹ̀ dà bí ti èso tí ó pọ́n dáadáa, kò sì korò bíi Robusta. Èròjà tí ń lé oorun lọ kò pọ̀ nínú rẹ̀ tó ti Robusta. Ẹ̀bi ọwọ́ tí ó ṣe é pọ̀ ju ẹ̀bi èso lọ.

Àrùn tí ó gbé e rin ayé

Ní ọdún 1869, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ nínú oko kọfí ní Ceylon, ilẹ̀ tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ewé igi Arabica bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Lẹ́yìn náà, ewé á rẹ̀ dànù, igi á sì wà ní ìhòòhò. Láàrín ogún ọdún, iṣẹ́ kọfí Ceylon ti wó lulẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yí padà sí gbígbin tíì nìyẹn, tí tíì Ceylon fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Nígbà tí àrùn yìí ń jà, àwọn olóko bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú kọfí tí ó lè dúró dè é. Ojú wọn wá sí Làìbéríà. Ní àwọn ọdún 1870, kóró àti ọmọ igi kọfí Làìbéríà gba ọgbà ewéko àti ọgbà àwọn tí ń ta igi ní Yúróòpù kọjá lọ sí Ceylon, Java àti ilẹ̀ Malaya. Igi tí ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó àwọn Dei àti àwọn Gola di ohun tí ìjọba àwọn òyìnbó ń wọ́ kiri. Àwọn olóko etí odò St. Paul jèrè rẹ̀, nítorí kì í ṣe kọfí nìkan ni wọ́n ń tà mọ́, wọ́n ń ta irúgbìn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ta irúgbìn ti ta ọjà ọ̀la. Nígbà tí ó yá, àwọn tí wọ́n ra irúgbìn náà ní oko tí ó tóbi ju ti Caldwell lọ.

Bí orúkọ Abẹ́òkúta ṣe wọ inú ìwé

Igbó Làìbéríà nìkan kọ́ ni ìdílé igi yìí wà. Ó tàn ká igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1913, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Holland kan, P. J. S. Cramer, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọfí ní Java, kọ̀wé nípa irú kan tí ó rí pé ó súnmọ́ ti Làìbéríà ṣùgbọ́n tí ó ní ìyàtọ̀ tirẹ̀. Ó sọ ọ́ ní *Coffea abeokutae*, èyí tí ó túmọ̀ sí kọfí Abẹ́òkúta.

Ẹ rò ó wò. Ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ọ̀mọ̀wé ní òdìkejì ayé, nítorí èso igi kan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí Cramer wò náà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ igi náà wò, wọ́n sì ní kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ó dá dúró, wọ́n dá a padà sínú ìdílé Liberica. Síbẹ̀ orúkọ náà kò parẹ́. Ní Ivory Coast, irú kọfí kan tí wọ́n ń gbìn ní àdúgbò Indénié ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé kà mọ́ ti Abẹ́òkúta, òun náà sì jẹ́ ohun tí olóko ń rí owó lórí rẹ̀ nígbà kan.

Ohun tí ó lé e wọ igbó

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ tí kọfí yìí fi di ohun ìgbàgbé? Ohun tí ó ṣe é kì í ṣe ẹyọ kan.

Èkíní, owó. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Brazil gbin Arabica tó bẹ́ẹ̀ tí ọjà fi kún àkúnya. Láti ọdún 1896 ni iye owó kọfí ti já wálẹ̀ ní àgbáyé. Olóko kékeré ní Caldwell kò lè bá wọn figagbága, pàápàá pẹ̀lú èso tí ó ṣòro láti bó.

Èkejì, àrùn. Àrùn ìdógùn-ún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé Liberica lọ sí Java padà wá rí ọ̀nà bá òun náà jà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni Robusta dé Java. Robusta ń tètè so, ó ń so púpọ̀, àrùn náà kò sì tètè ràn án. Àwọn olóko fi Liberica sílẹ̀, wọ́n gbá a mú. Ní Áfíríkà, àrùn mìíràn tí ń mú kí igi gbẹ láti inú wá ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọdún 1927, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Central African Republic báyìí. Àrùn yìí ba ọ̀pọ̀ oko àwọn ìbátan Liberica jẹ́, títí kan ti Indénié ní Ivory Coast.

Ẹ̀kẹta, ohun ọ̀gbìn mìíràn. Ní ọdún 1926, ilé-iṣẹ́ Firestone ti Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù kan éékà ní Làìbéríà fún ọdún 99 láti gbin rọ́bà. Rọ́bà ni ó wá di ọ̀rọ̀ Làìbéríà láti ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni ó gba ipò. Kòkó kọ́ ilé, kòkó rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, ta ni yóò dá olóko lẹ́bi? Ibi tí kọfí ti dúró díẹ̀ ni apá Kàbà àti ilẹ̀ àwọn Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, àti àwọn ibì kan ní Èkìtì, Oǹdó àti Ògùn. Robusta sì ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ogun. Láti òpin ọdún 1989 títí di ọdún 2003 ni ogun abẹ́lé fi jà ní Làìbéríà, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàrín. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí wọ́n lọ gbèjà àlàáfíà níbẹ̀. Àgbẹ̀ sá kúrò lóko, igbó sì gba oko. Nígbà tí àlàáfíà dé, ènìyàn rọ́ wọ Monrovia àti àyíká rẹ̀, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ibi tí kọfí ti ń hù rí.

Wọ́n tún ti ń wá a

Lónìí, bí ènìyàn bá fẹ́ rí oko Liberica tí ó tóbi, Malaysia, Philippines tàbí Indonesia ni yóò wọkọ̀ lọ. Ní Malaysia, Liberica ni ó pọ̀ jù nínú kọfí tí wọ́n ń gbìn, ìpínlẹ̀ Johor sì ni ibùdó rẹ̀ pàtàkì. Ní Philippines, wọ́n ń pè é ní *kapeng barako*, àwọn ará Batangas sì fi ń yangàn gẹ́gẹ́ bí ohun ìní baba wọn. Ní Indonesia, wọ́n ń gbìn ín sórí ilẹ̀ irà tí Arabica kò lè yọjú sí. Ọmọ Áfíríkà ti di ọmọ onílé ní Éṣíà.

Ní òpin ọdún 2022, Aaron Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbà ewéko Kew ní London kọ̀wé pé Liberica tún ti ń padà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀gbìn pàtàkì. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ayé ń gbóná sí i. Arabica kò fẹ́ ooru, ọ̀dá àti òjò àìròtẹ́lẹ̀ sì ń bá olóko jà. Ní oṣù February ọdún 2025, iye owó Arabica lórí ọjà àgbáyé kọjá dọ́là mẹ́rin fún pọ́ùn kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, igi tí ó mọ bí a ti ń gbé nínú ooru di ààyò.

Ní ọdún 2025 kan náà ni àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn igi wọ̀nyí wò, bí ẹni yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láti mọ baba rẹ̀. Wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ti ń pè ní Liberica tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Liberica gan-an, Excelsa, àti ẹ̀kẹta tí a kò mọ̀ tó wọn, *Coffea klainei*. Èyí fi hàn pé ìdílé Liberica gan-an kò tó bí a ti rò pé ó pọ̀ tó nínú igbó.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sierra Leone, alámùúlégbè Làìbéríà. Wọ́n ní kọfí tiwọn níbẹ̀ tí èso rẹ̀ ń dúdú bí ó bá pọ́n, tí wọ́n ń pè ní *stenophylla*. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé ó dùn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí Robusta, ó sì di àwátì. Ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ tó tún rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú igbó. Ní ọdún 2021, wọ́n kéde pé adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Arabica, ó sì lè fara da ooru jù ú lọ dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ènìyàn sun irú èso bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ igbó oko.

Igi kan kì í tún ara rẹ̀ bí

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ènìyàn wa fi sọ́kàn. Arabica lè gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ kí ó sì so, nítorí náà ọmọ rẹ̀ a máa jọ ìyá. Liberica kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú láti ara igi mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè so. Nítorí náà, gbogbo kóró Liberica jẹ́ ọmọ ìyá àti baba tí ó yàtọ̀ síra, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Òmíràn yóò so púpọ̀, òmíràn yóò so díẹ̀. Òmíràn, àrùn kò ní lè ràn án.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ápù náà rí. Ìdí nìyí tí Merryweather kò fi tọrọ kóró lọ́wọ́ alápatà Southwell. Ẹ̀ka ni ó tọrọ, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá gbin kóró, igi mìíràn ni yóò hù. Ẹ̀ka tí ó gé, tí ó so mọ́ ara ọmọ igi mìíràn kí ó lè dàgbà níbẹ̀, ni ó jẹ́ kí igi kan ṣoṣo di àìmọye. Igi Southwell àkọ́kọ́ ti gbó, àrùn sì ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Nottingham ti mú ọmọ igi láti ara rẹ̀. Igi náà lè kú, ìran rẹ̀ kò ní parẹ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ? Igi kọfí àtijọ́ tí ó dúró ní ẹ̀yìn oko bàbá kan, tí ooru mú tí kò kú, tí àrùn jà tí kò wó, igi bẹ́ẹ̀ kò ní èkejì. Bí a bá gé e lulẹ̀ kí a lè fi ṣe igi ìdáná, tàbí kí a lè kọ́ ilé, kò sí kóró kan tí a lè gbìn tí yóò bí i padà gẹ́lẹ́ bí ó ti wà.

Àwọn ará Caldwell kò lè dá ilé tí ó ti dúró padà sí oko. Ṣùgbọ́n Làìbéríà ṣì ní igbó, ó sì ní àgbàlagbà tí wọ́n mọ ibi tí igi wà. Àwa ní tiwa ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn. Kòkó ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọfí, obì, kajú àti tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ògùn, Oǹdó, Èkìtì tàbí Kogi bá ní igi kọfí kan lóko ìdílé, tí ó ga ju bí kọfí ti í ga lọ, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí èso rẹ̀ tóbi bí iyeyè, kí ó má ṣe yára gbé àáké. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé bí igi náà ṣe dé ibẹ̀ àti ẹni tí ó gbìn ín, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó pe àwọn onímọ̀ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ tọ́jú. Orúkọ ọmọbìnrin tí ó gbin ápù ní ọdún 1809 ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Southwell. Orúkọ ẹni tí kọfí Abẹ́òkúta ti ọwọ́ rẹ̀ wọ ìwé ní ọdún 1913 kò sí lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú náà ṣì wà nínú ìwé náà.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.